Ọmọ mi ń ti ìdodo tọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́. Manchester la wà, ọmọbìnrin mi pé ọdún 9. Spina bifida, eegun ẹ̀yìn tí kò padé dáadáa láti inú oyún, bá a wáyé, kò lè dá tọ̀. Èmi ni mo ń ti kátítà, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa ìtọ̀ jáde, bọ̀ ọ́ lábẹ́ láti kékeré, ojú sì ti ń tì í. Dókítà ní àwọn fẹ́ fi àpẹ́ńdíìsì rẹ̀, ẹ̀ka kékeré tó so mọ́ ìfun, la ọ̀nà láti ìdodo wọ inú àpò ìtọ̀. Mitrofanoff ni wọ́n ń pè é. Màmá mi n'Íjẹ̀bú-Òde ní kí n má jẹ́ kí wọ́n dá ihò sí ọmọ lára. A sì fẹ́ lọ bá wọn ṣe Ojúde Ọba. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, arábìnrin mi. Ará Rẹ́mọ ni mí, ọmọ Ṣágámù, Toronto là ń gbé. Ọmọ ọdún 10 ni ọmọkùnrin mi nígbà tí wọ́n ṣe é fún un. Ó ti di 14.

Kò wo àpò ìtọ̀ sàn o. Kátítà náà ṣì ni. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé wá síbi tí ojú àti ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ tó. Dókítà ará Faransé kan, Paul Mitrofanoff, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1980. Wọ́n á yọ àpẹ́ńdíìsì lára ìfun láìgé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ, wọ́n á rán orí kan mọ́ ìdodo, wọ́n á ri ìkejì mọ́ ara àpò ìtọ̀, débi pé bí àpò bá ṣe ń kún ló ń tẹ ọ̀nà náà pa. Àwọn kan ṣì máa ń jò díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni búra fún yín.

Ọ̀sẹ̀ 4 ni wọ́n fi kátítà sílẹ̀ nínú tọmọ mi kó lè jinná, ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dá a ṣe, ó fọwọ́, ó yọ ahọ́n síta bí ẹni ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jáde." Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bí ìtọ̀ ṣe ń dà. Lọ́dún kejì ẹnu ihò náà fún, kátítà ò wọlé mọ́, a tún padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má fipá tì í. Ẹ ti kátítà gba abẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì wá dókítà.

Ìró ló máa yọ yín lẹ́nu nílé. Orí ìdodo gan-an lèèyàn ń so ó mọ́! Ẹ rán búbà pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì onírọ́bà fún un. Ẹ di kátítà ní ìlọ́po méjì sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù tí ọkọ̀ òfuurufú lè sọ nù. Rọ́bà látẹ́ẹ̀sì máa ń bá ọ̀pọ̀ ọmọ onírú èyí jà: ẹ ṣọ́ra fún bàlúùnù àti ìbọ̀wọ́. Wákàtí 4-4 lọmọ mi ń ṣe é. Gósílóò há wa mọ́ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ó ṣe tirẹ̀ sínú ike omi lẹ́yìn ọkọ̀.

Màmá tèmi náà sunkún lórí fóònù. Nígbà tí a délé, ọmọ gbé aṣọ sókè hàn wọ́n. Wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìdodo náà nìyí?" Wọ́n padà sídìí gààrí tí wọ́n ń kù.