Ìbéèrè Òǹkàwé: Oúnjẹ Wo Gan-an Ni Ara Mi Ń Kọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ ọdún 38 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, mo jẹ mọ́ínmọ́ín níbi ìsọmọlórúkọ kan, kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ètè mi fi wú, tí gbogbo ara mi sú, tó sì ń yún mi. Mo gbà pé ẹ̀wà ni, mo sì ń sá fún un láti ìgbà náà. Àmọ́ lóṣù Ẹrẹ́nà, iyán àti ẹ̀fọ́ rírò tí mo jẹ níbi ìnáwó òkú kan tún ṣe mí bẹ́ẹ̀. Lóṣù Èbìbí, lẹ́yìn ìrẹsì ọ̀fadà àti ayamáṣe, tọ̀tẹ̀ yìí le jù: ọ̀nà ọ̀fun mi ń há, agbára káká ni mo fi ń mí. Mo ti lo ibuprofen láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí orí tó ń fọ́ mi. Ìyá ọkọ mi ní ẹnìkan ló ń fi nǹkan sí oúnjẹ mi lóde àríyá, torí pé kò ṣe mí rí nílé, àti pé láti kékeré ni mo ti ń jẹ gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí. Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tó ń fà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, mà. Kí a tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ rárá, ti oṣù Èbìbí yẹn ló ń kọ wá lóminú jù. Nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá ti ń há, tàbí tí òòyì ń kọ́ ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ dákú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n ń gún sí ẹ̀gbẹ́ itan ni ó kọ́kọ́ ń gba ẹ̀mí là nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀; Piriton àti irú rẹ̀ lè dẹwọ́ ara yíyún, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. A sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe tọ́ oúnjẹ kankan wò nílé láti fi dán ara yín wò.

Orúkọ oúnjẹ ni ẹ kọ sí wa. Orúkọ èlò inú rẹ̀ ni yóò tú àṣírí náà. Kò sí ẹ̀wà nínú ẹ̀fọ́ rírò, kò sì sí nínú ayamáṣe, nítorí náà ẹ̀wà jọ aláìṣẹ̀. Ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n a kò rò pé ọjọ́ kan ń kọjá kí ẹ má fi wọ́n sebẹ̀ nílé. Irú wà nínú ẹ̀fọ́ àti ayamáṣe, ó ṣọ̀wọ́n nínú mọ́ínmọ́ín. Ẹyin lè wà nínú mọ́ínmọ́ín àti ayamáṣe, kì í sábà sí nínú ẹ̀fọ́ rírò. Èyí tí àwọn alásè máa ń dà sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ojú kò sì ní rí nítorí pé wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná, ni edé. Ẹja gbígbẹ ló tẹ̀lé e.

Ẹ kò sọ fún wa bóyá ẹ ń fi edé sebẹ̀ nílé. Bí ẹ kì í bá fi sí i, a jẹ́ pé ìyá ọkọ yín kò ṣìnà pátápátá: nǹkan kan wà nínú oúnjẹ òde tí kò sí nínú ti ilé, àmọ́ alásè ló fi í sí i kí oúnjẹ lè dùn, kì í ṣe ọ̀tá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ń jẹ ẹ́ nílé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ láìsí wàhálà, edé jàre nìyẹn, kí a wá ibòmíràn wò. Oúnjẹ tí ẹ jẹ tí kò ṣe yín ní nǹkan kan wúlò nínú ìwádìí yìí bí èyí tó ṣe yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí sọ ọ́ fún dókítà.

Pé láti kékeré ni ẹ ti ń jẹ ẹ́ kò dá edé láre, nítorí àlẹ́jì edé àti akàn wà lára èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn ti dàgbà, iná ìdáná kì í sì í ba ohun tó ń fà á jẹ́. Ti ibuprofen náà tún wà níbẹ̀. Òun, ọtí, àti ijó àjórẹ̀ẹ́wẹ̀sì lẹ́yìn oúnjẹ lè mú kí ara bínú sí èlò kan ju bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, èyí sì lè jẹ́ ìdí tí ti oṣù Èbìbí fi le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá ìwé pélébé kan, kí ẹ kọ ohun gbogbo tí ẹ jẹ, tí ẹ mu àti oògùn tí ẹ lò ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ìgbà kọ̀ọ̀kan, àti aago tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín. Ẹ pe àwọn alásè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ohun tí wọ́n fi sè é. Dókítà tó mọ̀ nípa àlẹ́jì lè kán oje èlò tí ẹ ń fura sí lé apá yín, kí ó fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ díẹ̀, kí ó sì wò ó lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15. Ó sì lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni ta àyẹ̀wò àádọ́ta oúnjẹ fún yín, nítorí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àmì hàn sí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní àjẹgbádùn, ebi lásán ni irú èsì bẹ́ẹ̀ ń fi pa ènìyàn. Títí ẹ óò fi rí dókítà, ẹ yẹra fún edé àti akàn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó padà sí ẹ̀wà.

ÌBÉÈRÈ: Ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni mo ń gbé. Ọ̀gànjọ́ òru ni ara mi máa ń sú ní tèmi, nígbà tí mi ò fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́ láti ìrọ̀lẹ́. Ṣé oúnjẹ ṣì lè fà á?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó sì jẹ́ irú kan tó ti tan ọ̀pọ̀ dókítà jẹ. Ní ọdún 2009, Thomas Platts-Mills àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia ṣàlàyé àlẹ́jì ẹran kan tó máa ń gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó dé. Ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní alpha-gal, tó wà nínú ẹran màlúù, ewúrẹ́, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, ni ara ń bá jà, eégbọn tó gé ènìyàn jẹ ló sì ń kọ́ ara ní ìjà náà. Pọ̀nmọ́ àti ṣàkì kò yọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ń gé koríko tàbí rìn nínú igbó níbẹ̀, tí ẹran sì ń wà nínú oúnjẹ alẹ́ yín ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ dárúkọ alpha-gal fún dókítà yín, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà fún un. Ẹ dá ẹran wọ̀nyí dúró ná. Adìẹ, tòlótòló àti ẹja kò ní ṣúgà yìí, wọ́n sì ń dùn nínú ẹ̀gúsí dáadáa.