Ṣé kí n sọ fọ́tò Màmá di dúdú àti funfun?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ya Màmá mi lọ́jọ́ tí wọ́n pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ìró àti bùbá àlàárì ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì wé gèlè etù. Iná búlúù DJ ba ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kan jẹ́. Àbúrò mi ní kí n sọ ọ́ di dúdú àti funfun kí n tó tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire Màmá, wọn á ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé. Kí ni ojú yín kọ́kọ́ bá nínú fọ́tò náà? Bó bá jẹ́ ẹ̀rín wọn ni, dúdú àti funfun á gbé e yọ. Ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà kan, J.D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, dúdú àti funfun ló sì fi yà á, torí bí wọ́n ṣe di irun ọ̀hún gan-an ni wíwò.

Aṣọ Màmá ló ń kọ mí lóminú. Àlàárì pọ́n, etù dúdú bí aró. Àwọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú wa, kì í ṣe pé ọ̀kan fi bẹ́ẹ̀ tàn ju èkejì lọ. Tí ẹ bá yọ àwọ̀ kúrò, gèlè àti bùbá lè di eérú kan náà. Ká ní sányán ni wọ́n wọ̀ ni, mi ò ní bẹ̀rù, torí ó tàn ju etù lọ dáadáa.

Ti iná yẹn kò le. Nínú ìṣirò tó wọ́pọ̀ tí wọ́n fi ń sọ àwọ̀ di dúdú àti funfun, búlúù kì í kó ju ìpín 11 nínú 100 lọ. Àwọ̀ ewé kó 59, pupa 30. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn á kàn dà bí ibi tí òjìji bọ́ sí.

Nínú Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ lè ṣí Black & White, kí ẹ yan fílítà pupa: àlàárì á tàn sí i, etù á ṣú. Ṣùgbọ́n pupa wà nínú awọ ara tiwa náà, Màmá á wá dà bí ẹni tó bóra. Mi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Ẹ dán yẹ́lò wò, kò le tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ì bá fi àwọ̀ sílẹ̀ lórí èyí tó tóbi, kí n dín búlúù kù ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan. Lẹ́yìn náà, màá gé ojú wọn lọ́tọ̀, màá sì sọ ìyẹn di dúdú àti funfun. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lé lórí o, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kékeré kan fún yín wò, torí ẹ̀rọ mìíràn máa ń jẹ́ kí dúdú àti funfun ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára.