Bí ooru bá mú, amọ̀ polymer á lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí òtútù bá dé, á máa rún. Kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo máa ń fi amọ̀ polymer ṣe yẹtí àti ìlẹ̀kẹ̀, mo kàn fi ń najú ni, n kì í tà á. Nígbà ooru, ó máa ń rọ̀ jù, àmì ìka mi á sì wà ní gbogbo ara rẹ̀. Bí òtútù bá dé, amọ̀ kan náà á le, á máa rún bí ìyẹ̀fun gbígbẹ. Ṣé kí n máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ìdajì ọdún ni? Ṣé ó yẹ kí n máa yí iná ófùn padà bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí? Mo tún ní páálí kan tó ti le gan-an láti ọdún tó kọjá. Ṣé kí n dà á nù?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi sílẹ̀ rárá. Bí amọ̀ ṣe rí lọ́wọ́ kó tó wọ iná nìkan ni ojú ọjọ́ ń yí padà. Iná ófùn kò kan ojú ọjọ́: ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára páálí ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o.

Orúkọ lásán ni amọ̀, kò sí erùpẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú PVC, ìyẹn irú ike kan, ni, tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀ àti èròjà olómi kan tó ń mú un rọ̀. Èròjà olómi yẹn ló fa gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Bí ó bá móoru, amọ̀ á rọ̀. Bí ó bá tutù, amọ̀ á le.

Nígbà ooru, ẹ fi nylon dì í, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ìrì máa ń sẹ̀ sára ohun tó bá ti inú fìríìjì jáde, nítorí náà ẹ jẹ́ kó sẹ̀ sára nylon, kí ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó tú u. Omi tó bá há sáàárín ìpele méjì máa ń di ìléròrò nínú ófùn. Ẹ fi omi tútù ṣan ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Orí táìlì ni kí ẹ ti máa ṣiṣẹ́, torí ó máa ń tutù, ẹ sì lè gbé òun àti iṣẹ́ orí rẹ̀ wọ ófùn pọ̀ láìtún fọwọ́ kàn án. Bó bá ṣì rọ̀ jù, ẹ tẹ́ amọ̀ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi sáàárín bébà funfun méjì, kí ẹ gbé ìwé wúwo lé e. Bébà á fa díẹ̀ nínú èròjà olómi náà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí mélòó kan síra wọn, kó má lọ gbẹ kọjá ààlà. Ẹ má lo ìwé ìròyìn. Yíǹkì rẹ̀ á wọnú amọ̀.

Nígbà òtútù, sùúrù ló kù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi nylon dì í, kí ẹ kì í sápò aṣọ tó súnmọ́ ara. Ẹ tiẹ̀ lè jókòó lé e nígbà tí ẹ bá ń kàwé. Ẹ̀rín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi í rín, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ wá pò ó díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi lè ká a tí kò ní sán. Ohun tí n kò fẹ́ kí ẹ ṣe ni kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tàbí sójú fèrèsé tí oòrùn ń dé, tàbí sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jinná níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Èmi kì í ṣe irú iṣẹ́ kan náà jálẹ̀ ọdún. Ìgbà ooru ni mo fi ń po àwọ̀, torí amọ̀ ti rọ̀ fúnra rẹ̀, apá kì í ro mí. Ìgbà náà ni mo tún ń ṣe ọ̀pá aláwòrán, ìyẹn àwọ̀ oríṣiríṣi tí a tò pọ̀ di ọ̀pá kan, tí òdòdó tàbí ìràwọ̀ inú rẹ̀ á máa yọ síta níbikíbi tí a bá ti gé e. Ẹ má gé e lójú ẹsẹ̀ o! Bó bá ṣì rọ̀, abẹ á tẹ̀ ẹ́ rẹ́, òdòdó yín á wọ́. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kó tutù. Mo máa ń tọ́jú tèmi di ìgbà òtútù, abẹ á sì kọjá geere.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, eruku máa ń hàn lára amọ̀ funfun. Àwọ̀ funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí dúdú kẹ́yìn, kí ẹ sì fi òwú àti sípírítì nu iṣẹ́ náà kó tó wọ ófùn. Òjò kò ṣe amọ̀ ní nǹkan kan, ọ̀dà tí a fi ń kun iṣẹ́ tó ti jinná kó lè máa dán ló ń pẹ́ gbẹ. Ọ̀dà tí a fi omi pò ni kí ẹ lò. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo kì í bá PVC lò pọ̀, ó lè máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ títí.

Ó wá ku ófùn. Amọ̀ tí wọ́n ń pè ní Fimo, tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, ń fẹ́ 110°C fún ìṣẹ́jú 30. Premo ti Amẹ́ríkà ń fẹ́ nǹkan bí 130°C, ìṣẹ́jú 30 fún gbogbo mìlímítà 6 tó bá nípọn tó. Ẹ ra tẹmómítà ófùn, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà gan-an, torí nọ́ńbà tó wà lára ófùn sábà máa ń purọ́. Ẹ fi fọ́ìlì bò ó kí òkè má baà pọ́n. Ẹ ṣí fèrèsé, ì báà jẹ́ nígbà òtútù. Bí PVC bá jó, èéfín rẹ̀ máa ń ta imú àti ojú, ó sì léwu: ẹ pa iná, kí gbogbo ilé jáde síta.

Ní ti páálí tó ti le, ẹ gé díẹ̀ lára rẹ̀, ẹ mú un móoru lọ́wọ́, ẹ kán amọ̀ polymer olómi sí i, kí ẹ pò ó. Bó bá so pọ̀, ó ṣì wúlò. Bó bá ń fọ́ síbẹ̀, tí ẹ sì rántí pé ibi tí oòrùn ń dé lẹ gbé e sí, ó ti jinná nìyẹn. Ẹ dà á nù. Ẹ tún wo ike tí ẹ ń kó o sí. Èyí tó ní nọ́ńbà 5 nídìí ló dára. Àwọn ike líle kan wà tí èròjà olómi yìí máa ń jẹ, ike àti amọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ra.