Kí ni wọ́n fi ń ṣe ìgbálẹ̀ ọwọ̀, kí sì nìdí tí Ọbalúayé fi ń gbé e lọ́wọ́?

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ àárín ewé ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, Ọbalúayé sì ń gbé e lọ́wọ́ nítorí pé òun ni òrìṣà ilẹ̀gbóná (àrùn ṣọ̀pọ̀ná), tí àwọn olùsìn rẹ̀ gbà pé ó lè gbá àrùn wọ ìlú, kó sì tún gbá a jáde.

Bí wọ́n bá ti gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ewé rẹ̀ kúrò títí yóò fi ku igi àárín. Wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á kó o jọ, wọ́n á sì fi okùn dì í nídìí dáadáa. Ti àgbọn náà ṣeé lò.

Ní Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn ẹrú láti Áfíríkà gbé dé ibẹ̀, ṣì ń ṣe irú rẹ̀ fún òrìṣà yìí. Xaxará ni wọ́n ń pè é, láti inú ṣàṣàrà, orúkọ Yorùbá fún ìgbálẹ̀ Ọbalúayé. Wọ́n á fi owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó yẹ ká mọyì bí wọ́n ṣe pa á mọ́, nítorí pé ilẹ̀gbóná fúnra rẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀: ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbálẹ̀ ló jẹ́ ti òrìṣà o. Èyí tí a fi ń gbá yàrá àti àgbàlá, ohun èlò ilé lásán ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèwọ̀ ni lójú ọ̀pọ̀ àgbà láti fi na ọkùnrin.