Èsì: Ṣé yíyẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá wò tó?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá tó láti fi yẹ ẹni tó fẹ́ lọ wàásù lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́wọ̀n Amẹ́ríkà wò. Kò tó rárá. Ẹni tí à ń ṣọ́ra fún ni agbawèrèmẹ́sìn tó lè kó èrò rẹ̀ ran ẹlẹ́wọ̀n, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè má fojú ba ilé ẹjọ́ rí láyé rẹ̀. Ìròyìn tí ọ̀gá àgbà olùyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ìdájọ́ wọn gbé jáde ní 2004 tiẹ̀ fi hàn pé ìṣòro ò mọ sẹ́nu géètì: imáàmù ò tó nígbà náà, nítorí náà ẹlẹ́wọ̀n fúnra wọn ló ń ṣáájú ìrun nígbà mìíràn, àmójútó wọ́dà ò sì tó nǹkan. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, màá sì jókòó sẹ́yìn gbọ́ wáàsù rẹ̀ dópin. (Kì í ṣe agbawèrèmẹ́sìn tó jẹ́ Mùsùlùmí nìkan o, àwọn aláwọ̀ funfun ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà ń kó ọmọ ẹ̀yìn jọ lẹ́wọ̀n.)