Bùrọ̀dá ò fẹ́ fẹ́dírà ní Texas, àmọ́ wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un ní Chicago

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olóòtú. Houston ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, Bùrọ̀dá la máa ń pè wọ́n, wọ́n ti lé lógún ọdún níbí, wọ́n ti gba pépà tipẹ́, wọ́n ní ìbọn méjì, Republican ni wọ́n sì ń dìbò fún, mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn o. Orin tí wọ́n máa ń kọ sí wa létí ni pé fẹ́dírà ti lágbára jù, Washington ò gbọdọ̀ máa pàṣẹ fún Texas. Sátidé kan báyìí wọ́n ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé, ẹnì kan fi fídíò hàn wá lórí fóònù, àwọn ICE, agbófinró fẹ́dírà tó ń kó àwọn tí ò ní pépà, bojú, wọ́n ń wọ́ ọkùnrin kan jáde nínú mọ́tò ní Chicago, ìyàwó ẹ̀ ń ké. Bùrọ̀dá na fọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń yí ẹran sókè, wọ́n ní "Ẹ kó gbogbo wọn!" Mo ní Bùrọ̀dá, ṣé fẹ́dírà kọ́ nìyẹn ni? Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Mo ní ọ̀nà wo ló gbà yàtọ̀, wọ́n ní kí n lọ bá wọn gbé omi tútù wá nínú fíríìjì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni ọ̀rọ̀ ò yé ni, àbí ọ̀rọ̀ tiwọn ló ń ta kora?
Ọkọ àbúrò wọn, Houston

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yé ọ dáadáa. Omi tútù tí wọ́n rán ọ yẹn gan-an ni ìdáhùn wọn, ẹni tó bá ní èsì lẹ́nu kì í rán àna ẹ̀ níṣẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, jẹ́ n kọ́kọ́ gbè wọ́n lẹ́yìn díẹ̀. Nínú òfin Amẹ́ríkà, Congress ló láṣẹ lórí bí àlejò ṣe ń di ọmọ ilẹ̀, gómìnà kankan ò ní in. Nígbà tí Arizona ṣe òfin tiẹ̀ ní 2010 láti fi lé àwọn tí ò ní pépà, ìjọba Obama ló pè é lẹ́jọ́, Supreme Court sì fagi lé apá 3 nínú apá 4 tí wọ́n gbé wá síwájú ẹ̀ ní 2012. Àwọn Democrat jó lọ́jọ́ náà. Tí Bùrọ̀dá bá wá ní fẹ́dírà ló ni ímígíréṣọ̀n, wọn ò parọ́.

Ibi tó ti dojú rú ni pé ohun táwọn èèyàn wọn ń sọ ní 2024 kọ́ nìyẹn. Rántí Eagle Pass, ìlú kan ní Texas létí ẹnubodè Mexico. Ní January ọdún yẹn Abbott, gómìnà Texas, gba Shelby Park létí odò Rio Grande, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ti wà nílẹ̀, wọn ò jẹ́ kí Border Patrol tó ń ṣọ́ ẹnubodè wọlé, Border Patrol tó jẹ́ ti fẹ́dírà o! Supreme Court ní fẹ́dírà lè gé wáyà náà, adájọ́ 5 sí 4, Abbott ní ẹ̀tọ́ tí Texas ní láti gbèjà ara ẹ̀ ju òfin fẹ́dírà lọ, gómìnà Republican 25 sì fọwọ́ sí i pé àwọn wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀rù tún ń bà wọ́n pé Biden lè gba National Guard, àwọn sójà tó máa ń wà lábẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀, mọ́ Texas lọ́wọ́. Kristi Noem, tó ṣì jẹ́ gómìnà South Dakota nígbà yẹn, jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní tí Biden bá dán an wò, ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ló dojú ìjà kọ yẹn.

Ó dáa. June 2025 dé, Trump gba National Guard California tó tó 4,000 lọ́wọ́ gómìnà Newsom, ó kó wọn dà sí Los Angeles pẹ̀lú Marines 700, Newsom ń pariwo pé òun ò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Láti 1965 tí ààrẹ Johnson ti ṣe é ní Alabama, kò tíì sí ààrẹ tó gba Guard lọ́wọ́ gómìnà tí ò bẹ̀ ẹ́. Ta wá ni mínísítà tí ICE wà lábẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Noem kan náà. A ò gbọ́ ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Ti Abbott ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní 2015 àwọn sójà Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe ìdánrawò kan ní Texas, Jade Helm lorúkọ ẹ̀, àhesọ bẹ̀rẹ̀ pé Obama fẹ́ gba ìbọn àwọn èèyàn, pé wọ́n ti sọ ṣọ́ọ̀bù Walmart di ibi tí wọ́n á kó wọn sí. Dípò kí gómìnà ní kí wọ́n lọ sùn, ó ní kí Texas State Guard lọ máa ṣọ́ àwọn sójà náà, sójà orílẹ̀-èdè ẹ̀! Ọdún 10 lẹ́yìn ẹ̀, October 2025, Abbott yìí náà ló fọwọ́ sí i kí Trump kó nǹkan bí 200 nínú Guard Texas lọ sí Illinois, sí ìtòsí Chicago, nígbà tí gómìnà ibẹ̀ ní òun ò fẹ́. Adájọ́ dá wọn dúró, nígbà tó sì di December Supreme Court náà ò gbà fún Trump.

O lè bi Bùrọ̀dá, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ìbọn, bóyá wọ́n rántí 1995. Lẹ́yìn Waco, níbi tí agbófinró fẹ́dírà ti ká àwọn ẹlẹ́sìn kan mọ́lé ní Texas, ọ̀gá NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn, kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ó fi àwọn agbófinró fẹ́dírà tó ń wọ aṣọ dúdú wé jàǹdùkú, ọ̀rọ̀ náà le débi pé ààrẹ àtijọ́, Bush bàbá, bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ìgbà yẹn, agbófinró fẹ́dírà tó já wọlé èèyàn, òun ni ọ̀tá. Àwọn ṣẹ́rífù méjì, ọ̀kan ní Montana, ọ̀kan ní Arizona, lọ sí kọ́ọ̀tù pé àwọn ò ní bá fẹ́dírà yẹ ẹni tó fẹ́ ra ìbọn wò, ní 1997 Scalia, adájọ́ Supreme Court tó jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà fún àwọn conservative, ló kọ ìdájọ́, ó ní fẹ́dírà ò lè sọ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìdájọ́ yẹn gan-an ni Chicago àti Los Angeles ń nà sókè lónìí pé ọlọ́pàá àwọn ò ní bá ICE ṣiṣẹ́. Agboòrùn tí Scalia rà fún oníbọn, ẹni tí ò ní pépà ló wà lábẹ́ ẹ̀ báyìí, inú wá ń bí àwọn tó rà á.

Lójú tèmi o, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó di pàṣán mú àti ẹ̀yìn tó ń bà lé, kí wọ́n tó pinnu bóyá fẹ́dírà lágbára jù. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé sì wà lókè àjà fún ìyàwó. Wo tiwa. Ní 2020 Trump dá físà àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ wá gbé níbí dúró, ní July 2025 wọ́n sọ físà ìbẹ̀wò di oṣù 3, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn sì lè fi wọlé nígbà yẹn. Ìyá tó bá fẹ́ wá bá Bùrọ̀dá wẹ ọmọ, tó bá padà sílé lọ sìnkú àbúrò ẹ̀, tuntun ló ní láti tún lọ gbà nígbà yẹn. Wọn ò bi ìyá yẹn bóyá ọmọ ẹ̀ dìbò fún Republican.

Nígbà mìíràn tí wọ́n bá ní ó yàtọ̀, gbé omi yẹn wá fún wọn, wọ́n jù ọ́ lọ, kí o wá rọra bi wọ́n: ká ní ààrẹ Democrat ló gba Guard lọ́wọ́ Abbott tó ní kí wọ́n máa já ilẹ̀kùn ní Houston láti kó ìbọn, ṣé ẹ máa na fọ́ọ̀kì sókè?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olóòtú, mo máa ń gbádùn yín, àmọ́ ẹ̀yin náà ti yin ààrẹ Eisenhower lójú ìwé yìí rí pé ó fi sójà mú àwọn ọmọ dúdú wọ ilé ìwé ní Little Rock. Ṣé gómìnà ibẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ni?
Ìyá Ìbejì, Baltimore

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ mú mi. Gómìnà Faubus ò bẹ̀ ẹ́, orin ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ lòun náà ń kọ. Ní September 1957 kọ́ọ̀tù ti ní kí àwọn ọmọ 9 yẹn wọlé, Faubus fi Guard Arkansas dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn, Eisenhower wá kó sójà 101st Airborne bí 1,000 dé, ó sì gba Guard yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Nítorí náà mi ò lè lanu sọ pé kí ààrẹ má ṣe é láéláé. Ohun tí mò ń wò ni ẹni tó tẹ kọ́ọ̀tù lójú mọ́lẹ̀. Ní Little Rock, gómìnà ni. Ní Los Angeles, adájọ́ Breyer sọ ní September 2025 pé ìjọba fúnra ẹ̀ ló rú òfin 1878 tó ní kí sójà má ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá nígboro, ìjọba ò gbà, wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Tí Democrat kan bá gorí àlééfà lọ́la, tó kó sójà lọ sí Texas bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ wá rí mi tí mò ń jó, ẹ gé ojú ìwé yìí, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.