Èsì: Wáṣà tó ń já bọ́ nídìí ìrù bàálù
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ti wáṣà bóòtù AN3 (bóòtù bàálù oní 3/16 ínṣì) tẹ́ ẹ ní ó ń já bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nínú ìrù bàálù: ẹ ra sípánà olówó pọ́ọ́kú ní Ararọ̀mí, ọjà páàtì mọ́tò ní Gate n'Íbàdàn, kí wẹ́dà gé ìdí ẹ̀ kúrú, kó sì lọ orí ẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ nọ́ọ̀tù àti wáṣà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ máa yí orí bóòtù títí yóò fi mú. Ẹ má fi gíríìsì lẹ̀ ẹ́ o! Bí eyín bóòtù bá yọ̀, ẹ ó fún un jù láìmọ̀. (Sípánà nìkan ni kẹ́ ẹ rà níbẹ̀ ṣá, kì í ṣe bóòtù mọ́tò.) Níbi tí bóòtù bá ti lè máa yí, bí apá elevator (pátákó ìrù tó ń gbé imú bàálù sókè sódò), nọ́ọ̀tù tí wọ́n gé lórí (castle nut), tó ń gba píìnì, ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tó ní náílọ́ọ̀nù nínú. Èyí tó bá já sínú, ẹ fi òòfà wá a jáde kẹ́ ẹ tó dé ìrù náà pa. Ó lè há mọ́ okùn ìdarí.